Ẹ Má Tìtorí Ọjọ́ Ìkómọ Lu Etí Ọmọ

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ìyá ọmọ tuntun, ẹ̀yin bàbá díẹ̀ tí ẹ lọ jókòó sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n wọ́ wá, ẹ kú ìjókòó o. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa lílu etí ọmọdé. Láti ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, àwọn tó ń wá béèrè kí wọ́n tó lu etí ọmọ ò tó nǹkan. Etí á ti wú, á ti máa ṣọyún, kí wọ́n tó gbé ọmọ dé ọ̀dọ̀ wa. Inú mi dùn pé mo rí àwọn tí oyún ṣì wà níkùn wọn níbí lónìí, torí ẹ̀yin gan-an ni mo bá wá.

N kò wá sọ pé kí ẹ má lu etí ọmọ. Ìyá mi lu tèmi, èmi náà sì lu ti àwọn ọmọ mi. Yẹtí dára létí ọmọbìnrin, ẹni tó bá ní kò dára ń tan ara rẹ̀ ni. Ìsàlẹ̀ etí tó rọ̀ yẹn, ẹran àti ọ̀rá lásán ló wà níbẹ̀, kò sí egungun, ẹ̀jẹ̀ sì ń dé ibẹ̀ dáadáa, òun ló fi ń tètè jiná. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ilẹ̀ Amẹ́ríkà, American Academy of Pediatrics, pàápàá gbà pé bí a bá fi ìmọ́tótó lù ú, tí a sì tọ́jú rẹ̀, ewu ibẹ̀ kò pọ̀, ọjọ́ orí yòówù kí ọmọ wà. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ó sàn kí a dúró títí ọmọ fi máa lè tọ́jú etí ara rẹ̀. Èmi mọ̀ pé nílẹ̀ wa níbí, kò sí ìyá tó máa dúró dìgbà yẹn, ìyá ọkọ kò sì ní gbà fún un. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká dúnàádúrà. Ẹ fún mi ní oṣù mẹ́ta ó lé díẹ̀ péré.

Kí ló ń lé wa gan-an? Ọjọ́ kẹjọ ni ìkómọ, ẹbí á pé, àwọn ayàwòrán á dé. Yẹtí wúrà kékeré ti wà nínú àpò ìyá àgbà láti ìgbà tí wọ́n ti gbọ́ pé obìnrin ni. Ẹ bá gbé ọmọ wọ mọ́tò, ẹni tó jókòó tì yín á ní, "Ẹ kú ọwọ́ lómi o, ọkùnrin yìí mà jọ bàbá rẹ̀." Ẹ ní obìnrin ni. Á wo etí ọmọ, á wo ojú yín: "Ẹ ò tíì lu etí fún un ni?" Ìtìjú ọ̀rọ̀ yẹn ló ń gbé ìyá ọmọ dìde ní ọjọ́ kejì. Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ ní tiẹ̀, kò tíì mọ̀ pé òun ní etí.

Ẹ wá jẹ́ ká wo ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ yẹn dáadáa. Ìwọ́ rẹ̀ lè má tíì já, egbò kan ti wà nídodo nìyẹn. A tún fẹ́ fi méjì kún un. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nínú ọ̀rọ̀ egbò ọmọ tuntun ni tẹ́tánọ́ọ̀sì, àrùn ipá. Inú ilẹ̀ ni kòkòrò rẹ̀ ń gbé, nínú eruku, nínú ìgbẹ́ ẹran. Ó máa ń sọ ara rẹ̀ di hóró líle kan báyìí, á fara pamọ́ fún ọdún gbọọrọ títí á fi rí ojú egbò wọlé. Hóró yẹn, omi gbígbóná kò tó o ṣe. Ẹ fetí sí èyí, torí òun làwọn ìyá àgbà fi máa ń bá mi jiyàn: bí ẹ bá se abẹ́rẹ́ nínú omi tó ń hó, ọ̀pọ̀ kòkòrò ló máa kú, ti tẹ́tánọ́ọ̀sì lè má kú. Omi tó ń hó lórí sítóòfù, 100 ni ooru rẹ̀ mọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹ̀rọ tí a fi ń se irinṣẹ́ nílé ìwòsàn ń há ooru omi mọ́ inú kó lè gbóná dé 121, irinṣẹ́ á sì wà nínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán.

Abẹ́rẹ́ ìránṣọ tí wọ́n yan lójú àbẹ́là ńkọ́? Mo ti wò ó kòrókòró lọ́wọ́ ìyá kan. Orí abẹ́rẹ́ gbóná, ìdí rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ kò gbóná, torí bó bá gbóná ẹni tó dì í mú á sọ ọ́ nù. Iná fi èédú dúdú sí i lára. Kí dúdú yẹn má bàa wọ etí ọmọ, ìyá yẹn fi etí ìró rẹ̀ nù ún. Ìró tó fi jókòó nílẹ̀ láàárọ̀ ni o. Ó wá ki òwú bọ̀ ọ́, ó pọ́n ẹnu òwú lá kó lè wọ ojú abẹ́rẹ́. Bí a bá ní ká ka ohun tó ti bá abẹ́rẹ́ yẹn lọ kó tó kan etí ọmọ, ilẹ̀ á ṣú.

Ààbò wo ni ọmọ wá ní? Ní Nàìjíríà, abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ní ti tẹ́tánọ́ọ̀sì nínú, èyí tí a ń pè ní Penta, ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10 àti ọ̀sẹ̀ 14 ni ọmọ ń gbà á. Àrùn márùn-ún ló ń dènà, mẹ́dọ̀wú Hepatitis B náà wà níbẹ̀. Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ kò tíì gba ẹyọ kan nínú Penta. Ààbò yòówù tó bá ní lórí tẹ́tánọ́ọ̀sì, ti ìyá rẹ̀ ni: bí ìyá bá gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì méjì nínú oyún, tí èkejì sì ti pé ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán kó tó bímọ, ààbò yẹn á gba inú ibi ọmọ dé ara ọmọ. Ìyá tí kò lọ sí kíníìkì aboyún, tó jẹ́ pé ilé ló bí sí, òfo ni ọmọ rẹ̀ fi wáyé lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ta ló sì máa ń béèrè káàdì lọ́wọ́ ìyá ọmọ kó tó mú abẹ́rẹ́ lu etí?

Ìdí nìyẹn tí mo fi tọrọ oṣù mẹ́ta ó lé. Kí ọmọ gba Penta kẹta ní ọ̀sẹ̀ 14 ná. Ẹni tí kò bá lè mú sùúrù rárá, kó jẹ́ kí ó gba ìkejì ná. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀: ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta, bí ara rẹ̀ bá gbóná dé 38, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀, torí àrùn kékeré tètè ń wọ ẹ̀jẹ̀ lára irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Kí ló dé tí a ó fi fún un ní ohun tó lè mú ara rẹ̀ gbóná, nítorí fọ́tò?

Mo dárúkọ mẹ́dọ̀wú. Abẹ́rẹ́ kan náà tí wọ́n fi lu etí Táyé, kí wọ́n fi lu ti Kẹ́hìndé, kí ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá tún bọ́ síwájú torí abẹ́rẹ́ ti wà nílẹ̀: ó ń ṣẹlẹ̀ o. Kòkòrò Hepatitis B lè wà láàyè fún ọjọ́ 7 nínú ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ mọ́ ara nǹkan, ẹ̀jẹ̀ tó kéré débi pé ojú kò rí i. Kí a ri abẹ́rẹ́ bọ sípíríìtì lẹ́ẹ̀kan kí a yọ ọ́, kò tó láti pa á. Ọmọ tí mẹ́dọ̀wú yìí bá mú ní kékeré, ó ṣeé ṣe kó gbé e títí dàgbà, kó wá máa jẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nítorí rẹ̀ la ṣe ń fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára àkọ́kọ́ rẹ̀ láàárín wákàtí 24 tí wọ́n bí i. Bí ẹ bá wá fẹ́ lu etí, abẹ́rẹ́ tuntun fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n ya ọ̀rá rẹ̀ lójú yín. Bí ẹ kò bá rí i kí wọ́n ya á, ẹ gbé ọmọ yín, ẹ máa lọ.

Àwọn kan á ní, "Nọ́ọ̀sì, ìbọn ni wọ́n ń lò ní ṣọ́ọ̀bù tiwa, kò sí abẹ́rẹ́ níbẹ̀." Mo mọ ìbọn náà, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń yin yẹtí wọ etí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, rọ́bà ni ara wọn. Bí a bá gbé e sínú ẹ̀rọ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, á yọ́. Nítorí náà, sípíríìtì ni wọ́n fi ń nù ún láti ara ọmọ kan dé ara òmíràn. Ẹnu yẹtí tí ìbọn ń yìn kò mú tó abẹ́rẹ́, agbára ló fi ń wọlé, ẹran ibẹ̀ á sì fọ́. Ó tún máa ń ró pàá létí ọmọ. Ọmọ á gbọ̀n, etí kejì á wọ́. Irú èyí tó dáa jù wà, tó jẹ́ pé ohun gbogbo tó máa kan etí ọmọ wà nínú ike tí wọ́n lẹ̀ pa, tí wọ́n ń sọ nù lẹ́yìn ọmọ kan. Ẹ béèrè. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ ní ìlú ọba, ẹ sọ fún wọn pé òfin kan wà ní England láti ọdún 1982 tó fi àyè gba ìjọba ìbílẹ̀ láti máa forúkọ àwọn tó ń fi lílu etí ṣòwò sílẹ̀. Kí wọ́n béèrè ìwé ẹni náà kí ó tó fọwọ́ kan ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí èmi ṣe máa ń ṣe é. Ọmọ á ti jẹun yó, àmọ́ n kì í fẹ́ kó sùn fọnfọn, torí ẹni tó bá jí nínú ìrora máa ń bínú ju ẹni tójú rẹ̀ là lọ. Ìyá á jókòó, á gbé ọmọ lé àyà, ẹlòmíràn á di orí rẹ̀ mú. Èmi á fọ ọwọ́, á wọ ìbọ̀wọ́, á nu etí náà níwájú àti lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni màá fi bírò tuntun sàmì, iṣẹ́ gan-an sì wà níbẹ̀. Etí ọmọ méjèèjì kì í dọ́gba. Bí ẹ bá fi tẹ́ẹ̀pù wọn ìhín wọn ọ̀hún, á dọ́gba lórí ìwọ̀n, á sì wọ́ lójú. Nítorí náà, màá ní kí ìyá gbé ọmọ dúró kó wò ó láti iwájú. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, màá pa á rẹ́, màá tún un sà. Àmì kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ìpẹ̀kun etí nísàlẹ̀ jù, torí bí ọmọ ṣe ń dàgbà, yẹtí á máa fa ihò náà lọ sílẹ̀ títí á fi ya. Yẹtí á ti wà ní ṣíṣí lórí àwo mímọ́ kí n tó mú abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ oníhò ilé ìwòsàn ni, á wọlé lẹ́ẹ̀kan, yẹtí á tẹ̀ lé e. Bí ọmọ bá ké, ìyá á fi ọyàn sí i lẹ́nu lójú ẹsẹ̀. Kò sí oògùn ìrora tó dùn mọ́ ọmọ tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹtí fúnra rẹ̀. Yẹtí ọjà tó ń dán yinrin tí wọ́n ní wúrà ni, omi wúrà ni wọ́n fi bò ó. Nickel, irú irin kan, ló sábà máa ń wà lábẹ́ rẹ̀, nickel sì máa ń bá ọ̀pọ̀ ara jà. Ara tó bá ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kì í gbà á mọ́: á máa yún, á máa sun omi, títí dórí aago ọwọ́ àti bọ́tìnnì ṣòkòtò jíǹsì. Àwọn ará Yúróòpù ti ṣòfin lé nickel inú ohun ọ̀ṣọ́ lórí láti ọdún 1994. Irin tí wọ́n ń pè ní irin ilé ìwòsàn gan-an ní díẹ̀ nínú. Wúrà pípọ́n kárátì 14 sókè tàbí irin titanium ló dáa fún etí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lù. Kó jẹ́ kékeré, pẹlẹbẹ, kó má jẹ́ roboto, torí ìka ọmọ á kọ́ ọ, ṣọ́ọ̀lù á kọ́ ọ, ọmọ ọdún méjì tí wọ́n jọ ń ṣeré á fà á. Èyí tí wọ́n ń yí lẹ́yìn bí ìdérí ìgò dára ju èyí tí wọ́n kàn tì wọlé lọ. Ó ṣòro kó já bọ́, kí ọmọ wá gbé e mì tàbí kó há a lọ́fun.

Ẹ má sì dè é mọ́ etí típẹ́. Etí máa wú díẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n gbé ọmọ kan wá rí tí ìyá rẹ̀ rò pé ìdè ẹ̀yìn yẹtí ti sọnù. Kò sọnù. Mo fi ìka tẹ ẹ̀yìn etí, ó le gbandi: ìdè náà ti rì sínú ẹran, awọ ti ń bò ó. Dókítà ló ní láti la ibẹ̀ kó tó jáde. Yẹtí kò jẹ̀bi, gígùn rẹ̀ ló kù díẹ̀ káàtó.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò le. Ẹ wẹ ọwọ́. Ẹ fi iyọ̀ tó tó ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí ìmutíì sínú omi sísè tó ti tutù, bíi 250 mililítà. Ẹ fi òwú mímọ́ rẹ etí náà níwájú àti lẹ́yìn, àárọ̀ kan, alẹ́ kan, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ. Ó tán. Sípíríìtì ojoojúmọ́ ń gbẹ awọ ibẹ̀, kì í jẹ́ kó tètè san. Òrí dára fún ara, ṣùgbọ́n òrí inú ike tí gbogbo ilé ń ti ìka bọ̀ kò yẹ ojú egbò. Ẹ̀yin tó fi òwú ìránṣọ sínú ihò etí dípò yẹtí, mo mọ ohun tí ẹ máa ń ṣe: ẹ á fi òrí kun òwú náà, ẹ á wá fà á síwá fà á sẹ́yìn kó má bàa lẹ̀. Ẹ wo òwú yẹn lọ́jọ́ kẹta. Èépá ti gbẹ mọ́ ọn lára, ó le gan-gan, nígbà tí ẹ bá fà á, èépá yẹn ń wọ inú ihò, á tún gé e lójú. Òwú máa ń mu omi, ó ń mu ọyún, kò sì ṣeé fọ̀ nínú etí. N kì í lò ó mọ́. Ẹni tó bá sì yọ òwú tán tó ṣẹ́ ọwọ̀ kan nínú ìgbálẹ̀ tó fi gbálẹ̀ láàárọ̀, tó kì í bọ ihò kó má bàa dí, mo bẹ̀ ẹ́ ni.

Ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni etí ìsàlẹ̀ fi ń jiná, ẹ má yọ yẹtí kó tó pé. Pípọ́n díẹ̀ lọ́jọ́ méjì àkọ́kọ́ kì í ṣe nǹkan. Bó bá wá ń pọ́n sí i dípò kó máa rẹlẹ̀, bó bá gbóná, bó bá ń sun ọyún, ẹ gbé e wá. Bí ara ọmọ bá gbóná, tàbí ọmọ tó ti ń mu ọyàn dáadáa kò lè mu mọ́, tí ẹnu rẹ̀ ń le, tí ara rẹ̀ ń nà gbọọrọ, ẹ má dúró gbọ́ àlàyé ẹni tó ní gìrì ni. Ilé ìwòsàn ńlá ni, lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an.

Màá kàn fẹnu ba òkè etí, torí ọmọ kékeré kò bá a dé ibẹ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n wọn ló ń ṣe é. Egungun rírọ̀ ló wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀, ó lè tó oṣù mẹ́rin sí ọdún kan kó tó jiná. Ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2000, ọ̀pọ̀ àwọn tó lu òkè etí ní ìsọ̀ kan ní àrùn burúkú, inú ìgò oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń fín sí i ni kòkòrò náà wà. Etí àwọn kan nínú wọn kò padà sí bó ṣe wà.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, ìbéèrè pọ̀, màá kọ díẹ̀.

Ìyá àgbà kan dìde, wọ́n ní abẹ́rẹ́ ìránṣọ àti òwú dúdú ni wọ́n fi lu tàwọn àti ti àwọn ọmọ wọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kò sì sí ohun tó ṣe ẹnikẹ́ni. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Mo ní, "Ẹ ṣeun Mama, ọwọ́ yín mọ́, orí yín sì bá yín ṣe é. Àmọ́ Mama, láyé ìgbà yẹn, àwọn ọmọ tó kú lọ́sẹ̀ kejì, tí wọ́n ní afẹ́fẹ́ burúkú ló fẹ́ lù wọ́n, ṣé ẹnikẹ́ni bi wọ́n pé ibo ni egbò wà lára wọn?" Wọ́n jókòó, wọ́n ní èmi nọ́ọ̀sì yìí, ẹnu mi mú.

Ìyá ọmọ kan ní àpá máa ń wú kókó lára òun, bóyá kí òun lu ti ọmọ òun. Ìbéèrè tó dára nìyẹn. Kílọ́ìdì là ń pe àpá tó ń wú kókó bẹ́ẹ̀. Ó ń tẹ̀ lé ìdílé, ó sì wọ́pọ̀ lára àwa aláwọ̀ dúdú. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2005 rí i pé nínú ìdílé tó ní i, àwọn tó ti pé ọmọ ọdún 11 kí wọ́n tó lu etí ló ń ní in jù. Nítorí náà, bí ẹ bá máa lù ú, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ dé ìgbà ọ̀dọ́. Bí ẹ bá sì rí i pé ojú ibẹ̀ ń le tó ń ga, ẹ yọ yẹtí, kí ẹ lọ rí dókítà awọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé e kúrò lásán, torí ó lè hù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹni tó béèrè kẹ́yìn gbé ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dání, òwú ti wà létí rẹ̀ láti ọjọ́ ìkómọ. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo wo etí náà: kò wú, kò sun nǹkan kan. Mo bi í bóyá ó gba abẹ́rẹ́ nínú oyún. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Mo ní kó má yọ òwú náà nílé, kó má sì fi nǹkan kan pa á. Kó gbé ọmọ wá lọ́la láago mẹ́jọ pẹ̀lú káàdì oyún rẹ̀, kí dókítà wò ó bóyá a máa fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ ààbò kíákíá, èmi á sì bá a yọ òwú náà. Bí ọmọ bá kọ ọyàn lálẹ́ ọjọ́ náà, kó má dúró de aago mẹ́jọ.